Ta Ló Wọn Òṣùwọ̀n?

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò mi obìnrin pè mí. Ó ń kàwé gboyè kejì nínú biochemistry, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì ti dé ibi tó ti ń fi ojoojúmọ́ tẹjú mọ́ àwòrán jẹ́lì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ software kékeré kan tí á máa bá mi ka àwọn àwòrán yìí. Ojú ń dùn mí."

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, mi ò lè ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwòrán náà rí bí ìgbà tí ẹnìkan to àkàbà bíi mẹ́wàá ti ara wọn: òpó kan, òpó mìíràn, ìlà búlúù lóríṣiríṣi nínú wọn, òmíràn lókè, òmíràn nísàlẹ̀. Àbúrò mi ṣàlàyé pé ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ purotéènì kan. Òpó tó wà lápá òsì pátápátá ni ti àwọn tí a ti mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ohun tí software máa ṣe kò ju kó wo ibi tí ìlà tí a kò mọ̀ dúró sí, kó fi wé ibi tí àwọn tí a mọ̀ dúró sí, kó sì sọ iye tó yẹ kó jẹ́.

"Àwọn tí a mọ̀ yìí," mo bi í, "ta ló wọ̀n wọ́n?"

"Ó wà lára ìgò, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù á mọ̀ pé irú ìdáhùn yìí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Tí test bá sọ pé kóòdù mi ò dáa, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni kí n yẹ kóòdù náà wò. Ohun kejì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, ni kí n yẹ test fúnra rẹ̀ wò. Ṣebí èèyàn ló kọ test náà, onítọ̀hún sì lè ti máa tòògbé nígbà tó ń kọ ọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó wà nínú òpó apá òsì. Ẹnu yà mí. Ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n kì í ṣe nǹkan àjèjì rárá. Èyí tó jẹ́ 66,000 wá láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Èyí tó jẹ́ 45,000 wá láti inú funfun ẹyin. Èyí tó jẹ́ 14,200 wá láti inú wàrà màlúù. Láàárín wọn ni ọ̀kan wà tó jẹ́ 29,000. Carbonic anhydrase lorúkọ rẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ màlúù ni wọ́n ti yọ ọ́, tí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ kúrò lára gbogbo nǹkan yòókù. Dalton ni wọ́n ń pe ẹyọ ìwọ̀n yìí. Dalton kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo átọ́ọ̀mù hydrogen kan ṣoṣo. Carbonic anhydrase yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, torí òun ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀rí ọkàn mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un. Nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa náà, ẹ́ńsáìmù yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ni carbon dioxide ń jáde, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà dé ẹ̀dọ̀fóró ká lè mí i síta. Carbonic anhydrase á mú un, á pa á pọ̀ mọ́ omi, á sọ ọ́ di bicarbonate tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé lọ láìsí wàhálà. Tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, á tún yí i padà. Omi àti carbon dioxide lè ṣe é fúnra wọn láìsí i o, ṣùgbọ́n wọ́n á pẹ́ jù fún ẹni tó fẹ́ wà láàyè. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ́ńsáìmù yìí lè ṣe iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Meldrum àti Roughton ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1933. Nígbà tó di 1940, Keilin àti Mann, ní Cambridge kan náà, kọ̀wé pé zinc ló wà láàárín rẹ̀ tó fi ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún un kó tó di òṣùwọ̀n inú jẹ́lì. Wọ́n á pò ó mọ́ SDS, èròjà kan náà tó ń mú kí ọṣẹ ìfọrun hó. Wọ́n á wá gbé e sínú ooru, nǹkan bí 95 lórí ìwọ̀n Celsius. Purotéènì jẹ́ ohun tó ká jọ bí òwú tí wọ́n fara balẹ̀ ká. Bó ṣe ká yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ooru àti SDS á tú u palẹ̀, á na tàntàn. SDS á tún bo gbogbo wọn lára, kí iná mànàmáná lè fa gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà. Wọ́n á wá dà wọ́n sórí jẹ́lì, wọ́n á tan iná. Èyí tó kéré á sáré lọ jìnnà, bí ọmọdé tó ń yọ́ kọjá láàárín èrò ọjà. Èyí tó tóbi á máa fara ti ara bí alẹ́rù. Láti ọdún 1970 tí Laemmli ti gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ láàbù káàkiri ayé ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi ń lò ó láìtú u palẹ̀, tí wọ́n á kàn dà á gba inú òpó tó kún fún hóró kéékèèké, ṣùgbọ́n ti jẹ́lì ni àbúrò mi ń ṣe.

Ẹ rí i bí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sè é títí kò fi lè ṣe ẹyọ kan mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí lo mọ̀ ọ́n ṣe. Bó ṣe tóbi tó nìkan ni wọ́n fẹ́ kó sọ.

Mo sọ fún àbúrò mi pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù yẹn ṣe mí láàánú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbí ẹ̀yin kọ́ ni carbonic anhydrase ilé wa?"

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sílé Yorùbá, mi ò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀ fún yín. Gbogbo ilé ló ní ẹni tí wọ́n fi ń wọn ọmọ yòókù. "Ṣé bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe ṣe nìyẹn?" "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?" Nílé tiwa, èmi ni orí méjì yẹn. JAMB ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe tí mo fi wọ yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò mi ṣe tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí èsì bá jáde, orúkọ mi ni Màámi máa ń kọ́kọ́ pè, kí ó tó pe tirẹ̀. Mi ò sí nílé lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n òpó apá òsì ni mo wà, mo dúró síbẹ̀ gbọn-in, wọ́n ń fi mí wọ̀n ọ́n.

Ohun tí Màámi kò mọ̀, tí àbúrò mi náà kò mọ̀, ni èyí: mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà tí mo wà ní 200 level. Mo tún un ṣe, mo tún fìdí rẹmi. Carry-over yẹn tẹ̀ lé mi títí dé òpin, mo sì lo sáà kan sí i ní yunifásítì nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí nílé pé kí ló dé tí mi ò tíì parí, mo ní ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ló fà á. Ìyanṣẹ́lódì wà lóòótọ́ lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fà á.

Màámi ta gàrí fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá ti bá ọlọ́jà gbé mọ ọ̀rọ̀ kóńgò. Tí ẹnìkan bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, kò ní í ṣe nǹkan kan fún gàrí rẹ̀. Ìdí kóńgò ni yóò lù wọnú. Tí o bá wò ó lókè, ó kún, ó tún ga bí òkè. Ìgbà tí o bá délé ni wàá mọ̀. Ìdí nìyí tí Màámi fi máa ń gbé kóńgò tirẹ̀ dání tó bá lọ ra àpò gàrí lóko. Kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà. Á kàn bu gàrí sínú ti ẹni tó ń tà, á dà á sínú tirẹ̀, á wò ó. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: kóńgò ò lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ohun kan náà ni mo rí nígbà tí mo tọpa 29,000 yẹn. Jẹ́lì kọ́ ló jẹ́rìí fún carbonic anhydrase. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Amino acid kọ̀ọ̀kan jẹ́ hóró kan. Àwọn onímọ̀ ka hóró tó wà lára tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 260. Wọ́n mọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, wọ́n mọ bó ṣe wúwo tó, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà mìíràn pátápátá ni wọ́n gbà wọn òṣùwọ̀n, kí wọ́n tó gbà pé kó máa wọn ẹlòmíràn. Ohun tó wà lára ìgò ní ẹlẹ́rìí lẹ́yìn. Ọkàn mi balẹ̀ nípa software. Ọkàn mi kò balẹ̀ nípa ara mi, torí ohun tó wà lára ìgò tèmi, èmi nìkan ni mo kọ ọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kàn mí? Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó fi mí ṣe òṣùwọ̀n. Màámi ló yàn mí. Carbonic anhydrase náà kò kọ ìwé béèrè fún iṣẹ́ láàbù. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara mi nínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tó ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé ẹ́ńsáìmù kò mọ ohun tí wọ́n ń fi òun ṣe. Èmi mọ̀. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi mí wé e, ó máa ń sunkún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi á gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀. Mo dákẹ́ nítorí pé adùn wà nínú kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni búra. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú, tó sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi wọn nǹkan fún ẹlòmíràn, ṣé ó lè ní òun kọ́ ni òun lù ú? Lójú tèmi, ìmọ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ di gbèsè. Kò di dandan kí ẹni tí wọ́n fi ń wọn ẹlòmíràn jẹ́ ẹni pípé. Òtítọ́ nípa ara rẹ̀ ló jẹ wọ́n.

Ẹlòmíràn á ní, ẹ kúkú jẹ́ ká pa gbogbo ìfiwéra rẹ́, ìka ò dọ́gba. Mi ò gbà. Láìsí òpó apá òsì, ìlà búlúù lásán ni gbogbo àwòrán yẹn, àbúrò mi ò sì ní í rí nǹkan kan kọ sínú ìwé rẹ̀. Láìsí kóńgò, ìjà ni ọjà máa ń dà. Ọmọ tí kò rí ẹnikẹ́ni wò lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣeé ṣe. Òṣùwọ̀n dáa. Àmọ́ láàbù ní òfin kan tí ilé wa ò ní: inú jẹ́lì kan náà, lábẹ́ iná kan náà, ní wákàtí kan náà, ni òṣùwọ̀n àti ẹni tí wọ́n ń wọ̀n ti gbọ́dọ̀ sáré. Wọn kì í mú òṣùwọ̀n inú jẹ́lì àná wá wọn ti òní, torí jẹ́lì lè ki ju ara wọn lọ, iná lè yàtọ̀.

Èmi àti àbúrò mi, ṣé jẹ́lì kan náà la ti sáré? Nígbà tí mò ń múra JAMB, Bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń san owó lẹ́sìnnì, ẹnikẹ́ni kì í rán mi níṣẹ́ lálẹ́. Nígbà tó kan òun, Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Tó bá ti ilé ìwé dé, ìdí gàrí ló ń lọ, títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Jẹ́lì tirẹ̀ ki ju tèmi lọ fíìfíì. Ibi tó dé nínú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá èmi ì bá dé ibẹ̀.

Àṣìṣe òṣùwọ̀n sì máa ń pẹ́ lára èèyàn. Purotéènì kan wà tí wọ́n rí ní 1979, ọ̀kan lára àwọn tó ń dáàbò bo ara wa lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n fi jẹ́lì wọ̀n ọ́n, ó dúró níbi tí 53,000 máa ń dúró sí, wọ́n bá sọ ọ́ ní p53. Nígbà tó yá tí wọ́n ka hóró ara rẹ̀, 393 ni, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 43,700 lọ. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Irú amino acid kan tó ń jẹ́ proline ló pọ̀ lára rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n p53 ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Gbogbo ayé mọ̀ pé 53 kì í ṣe iye rẹ̀, orúkọ náà ò kúrò.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí orúkọ tí wọ́n ń pe àbúrò mi nílé nígbà náà. Ẹ má bínú, mi ò ní í kọ ọ́ síbí. Ó ń lọ gba oyè kejì báyìí, àwọn ẹbí kan ṣì ń fi orúkọ yẹn pè é, wọ́n á ní eré ni.

Mo pè é. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìṣirò 200 level fún un, mo sọ ti sáà tí mo fi kún un, mo sọ irọ́ ìyanṣẹ́lódì. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ọdún wo nìyẹn?" Mo sọ ọ́. Ó ní, "JAMB mi ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn." Kò bú mi. Ó kàn ní òun máa pè mí padà, kò sì pè títí di ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ tó pè, ọ̀rọ̀ software la sọ.

Màámi ló kù. Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ kan, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á bínú nítorí irọ́, tàbí kó ní ó ti pẹ́, kí n gbàgbé ẹ̀. Kò ṣe ìkankan. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní: "Kí ló dé tí o ò sọ nígbà tí mò ń fi ẹ́ nà án?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mi ò tíì rí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó lè jẹ́ pé ìwọ tó ń kà á náà, òpó apá òsì lo wà fún ẹnìkan: àbúrò rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni tí o ò mọ̀ rí tó ń wo fọ́tò rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òru. O lè má ti bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí o bá mọ̀ pé wọ́n ń fi ọ́ wọn ara wọn, sọ irú jẹ́lì tí o ti sáré fún wọn. Sọ ẹni tó san owó lẹ́sìnnì. Sọ èyí tí o tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Software náà ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi àpótí méjì sí i tí àbúrò mi kò béèrè fún. Kó tó sọ iye purotéènì kankan, á kọ́kọ́ bèèrè bóyá inú jẹ́lì kan náà ni òṣùwọ̀n ti sáré, á tún bèèrè ibi tí iye tó wà lára òṣùwọ̀n ti wá. Àbúrò mi ní ó ń fi àkókò òun ṣòfò. Àmọ́ ó máa ń kọ ọ́ kún.